Oko Àríyọ̀ Ló Kàn

Ní àràárọ̀, Ìyáàfin Fọlákẹ́mi Ládòkun a ṣí rẹ́jísítà kíláàsì kìíní ilé ẹ̀kọ́ girama, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ọmọ láti orí ẹni àkọ́kọ́. Bó bá pe ẹni kẹrìndínlógún tán, ẹni kejìdínlógún ló kàn. Kì í dúró mí, ohùn rẹ̀ kì í sì í yí padà. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ń dáhùn, kò sì sí èyí tó bi í léèrè rí pé ẹni kẹtàdínlógún ńkọ́. Wọ́n mọ̀. Ẹni kẹtàdínlógún ni Àríyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí tíṣà wọn bí, tó kú lóṣù Ṣẹ́rẹ́ lọ́mọ ọdún mọ́kànlá.

Ibà ọjọ́ mẹ́rin ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ Ajé ló ní orí ń fọ́ òun, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gbé e dé ọsibítù ní Ṣakí, Ọjọ́bọ̀ ló kú. Wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ, nítorí náà àwọn ọkùnrin àdúgbò ló sin ín, Fọlákẹ́mi kò sì béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí. Àwọn èèyàn wọlé, wọ́n jáde. Wọ́n ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Wọ́n ní Ọlọ́run á fi ẹlẹ́mìí gígùn rọ́pò. Ó ń ṣe "Àmín, àmín" bí ẹni tó ń dá èrò ọ̀nà lóhùn. Kò sunkún. Àwọn obìnrin kan nídìí ẹ̀rọ omi ní ojú rẹ̀ gbẹ jù fún ìyá tó ṣòfò. Ẹnu ayé kì í kúkú pẹ́ rí nǹkan sọ, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.

Kì í ṣe pé ó ń mú un mọ́ra. Ohun tí ìbá mú mọ́ra gan-an ni kò rí. Ẹsẹ̀ tí èèyàn bá fi sábẹ́ ìdí jókòó títí, á kú tipiri. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ á fọwọ́ kàn án, kò ní mọ̀ pé tòun ni. Bí inú Fọlákẹ́mi ṣe rí nìyẹn láti Ṣẹ́rẹ́ títí di Òkudù. Ó ń jẹun, kò mọ adùn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ṣakí a wálé lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn méjèèjì a jókòó, wọn a sọ̀rọ̀ nípa òjò tí kò tètè rọ̀, ọkọ a sì padà lọ́jọ́ Àìkú.

Ọdún keje ìgbéyàwó wọn ni wọ́n tó bí Àríyọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pe Fọlákẹ́mi lórúkọ mọ́ ní àdúgbò wọn ní Àgọ́-Àrẹ. Ìyá Àríyọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Nígbà tí ọmọ wá kú, orúkọ yẹn di ẹ̀gún lẹ́nu wọn. Àwọn kan wá ń pè é ní Ma, àwọn kan ní Ìyàwó wa, àwọn mìíràn á dé ẹnu ọ̀nà, wọn á kàn wúkọ́. Òun náà kò tọ́ ẹnikẹ́ni sọ́nà.

Ilẹ̀ kékeré kan wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ tó yẹ kí wọ́n ti kọ ebè sí lóṣù Ṣẹ́rẹ́ yẹn. Koríko ti bò ó. Agolo ẹ̀wà kan sì wà lórí pẹpẹ nínú ilé ìdáná tí kò ṣí láti ìgbà náà. Ó ń rí méjèèjì lójoojúmọ́ bí èèyàn ṣe ń rí ògiri.

Kó tó di pé òfò ṣẹ̀, tíṣà tó le ni. Bó bá ń kọ́ni, ohùn rẹ̀ a máa dé ojú títì. Rúlà onígi gígùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìka ọwọ́ gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà mọ̀ dáadáa. Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ló ń kọ́ wọn: òun á sọ, àwọn á kọ, á bi wọ́n ní ìbéèrè díẹ̀, ó parí. Nígbà tí Àríyọ̀ bọ́ sí kíláàsì rẹ̀, ó ti kìlọ̀ fún un kí wọ́n tó jáde nílé. "Nílé ẹ̀kọ́, èmi kì í ṣe màmá rẹ. Ma ni kó o máa pè mí." Ó fi í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, lẹ́yìn pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ń ṣojúsàájú ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà sì ń pè é ní Ma, kò ṣì í pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn Ṣẹ́rẹ́, ohùn náà lọ. Kì í ṣe pé ó há. Bó bá yanu, kò kàn rí ìdí tó fi yẹ kí òun sọ ohun tí òun fẹ́ sọ. Ó ń kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ ń dà á kọ. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Ṣùkúrù, jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ tí kò lè bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sọ̀rọ̀ láìwo bàtà ara rẹ̀. Ó wá ọgbọ́n dá. Ó fi orúkọ Fọlákẹ́mi sára àwọn tó ń lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Ìsẹ́yìn nígbà ìsinmi oṣù Igbe, bóyá afẹ́fẹ́ ibòmíràn á fẹ́ sí i lára.

Ọkùnrin tó dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ sọ fún wọn pé ayé ti kọjá ibi tí tíṣà nìkan á ti máa dá rojọ́. Ó ní kí wọ́n pín àwọn ọmọ sí àwùjọ kéékèèké. Kí ìbéèrè ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wá, kí àwọn ọmọ fúnra wọn sì jíròrò lórí rẹ̀, bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń dí wọn lọ́nà kí wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́. Tíṣà á jókòó sáàárín wọn bí ọ̀kan nínú wọn, á máa gbọ́ ju bó ṣe ń sọ lọ. Àwọn tíṣà yòókù ń kùn pé báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kí èèyàn fi ọgọ́ta ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n máa pariwo. Ohun kan ṣoṣo ni Fọlákẹ́mi gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀: tíṣà lè dákẹ́. Òun ló gbé lọ sílé.

Nígbà tí wọ́n wọlé sáà kẹta, ó ní kí àwọn ọmọ dojú àga kọ ara wọn, ní márùn-ún márùn-ún, mẹ́fà mẹ́fà. Ó fún àwùjọ kọ̀ọ̀kan ní rúlà, ó gbé rúlà onígi tirẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ní ẹni tí rúlà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló lè sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì máa gbé e yípo. Àwọn ọmọ wo rúlà náà bí ẹni tí wọ́n ní kó di ejò mú. Àwùjọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kò pé. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n, àga kan sì ṣófo. Fọlákẹ́mi jókòó sórí rẹ̀. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àga ni ó rí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ìjíròrò náà kò gba ìṣẹ́jú méjì. Bàṣírù ló dàgbà jù ní àwùjọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó ti jókòó sí kíláàsì kìíní lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ tirẹ̀. Ó gbé rúlà fún Mujeebat, Mujeebat ní, "Bí Bọ̀dá Bàṣírù ṣe wí náà ni." Ayọ̀bámi ní bí Bọ̀dá Bàṣírù ṣe wí náà ni. Débọ́lá tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ lórí pápá ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Ta ni nínú ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa tó máa já ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nírọ́, níwájú tíṣà? Rúlà dé ọ̀dọ̀ Fọlákẹ́mi. Ó ní, "Mò ń gbọ́," ó sì gbé e padà fún Bàṣírù. Bó ṣe rí nínú gbogbo àwùjọ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, láìro ohunkóhun jù pé kí ariwo wọn lè bẹ̀rẹ̀ kí òun lè sinmi, ó dúró níwájú wọn ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó ti sọ láti Ṣẹ́rẹ́.

"Ṣé ẹ mọ àáró?" ó bi wọ́n.

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọmọ àgbẹ̀ wo ní Òkè-Ògùn ni kò mọ̀ ọ́n? Lónìí, gbogbo wa ń ṣe lóko tèmi. Lọ́la, lóko tìrẹ.

"Ẹ kà á sí àáró," ó ní. "Ìbéèrè yín ni oko yín. Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á mú oko wá, gbogbo àwùjọ á sì bá a ro ó. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ káwọ́ gbera lóko ẹlòmíì, nítorí ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀. Ẹ to orúkọ yín bí oko ṣe máa kàn yín, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Wọn kì í sì í fo oko ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Lóko, Bàṣírù kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní ọkọ́ lọ́wọ́ ni. Àwọn ọmọ kọ orúkọ wọn sórí ìwé, wọ́n gbé e wá fún tíṣà, tíṣà sì fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ láìka ọ̀kan. Nígbà yẹn, kò sí ìwé tó ń kà.

Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ ń lọ. Oko Bàṣírù ló kọ́kọ́ kàn, ó fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kó gba ẹ̀bi bí iná tí wọ́n fi lé ọ̀yà lóko ẹnì kan bá ré kọjá tó jó oko ẹlòmíì. Mujeebat béèrè ìdí tí àwọn ọmọbìnrin fi ń pọn omi kí wọ́n tó wá sílé ẹ̀kọ́, tí àwọn ọmọkùnrin sì ń fi omi náà wẹ̀. Ìyẹn dá ìjà sílẹ̀, àwọn àwùjọ tó kù pa tiwọn tì láti wá gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ro oko tán, ẹni tó ni ín á dìde, á ní "Ẹ kú iṣẹ́ o", wọn á sì túká. Rúlà dé ọ̀dọ̀ tíṣà nígbà gbogbo. Nígbà gbogbo ló ń sọ pé, "Mò ń gbọ́." Kò gbọ́ ìdajì.

Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe ń rí. Òkìkí rẹ̀ kàn. Àwọn tíṣà láti ìlú Ìràwọ̀ wá wò ó. Alhájà Mùyìbátù, ọ̀gá nínú àwọn tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò, yọjú lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ ariwo ọgbọ́n lẹ́nu àwọn ọmọ, ó sì pe Fọlákẹ́mi sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ìyáàfin Ládòkun, mo ti ń wá irú yín. Àyè kan ṣí ní ọ́fíìsì wa ní Ìsẹ́yìn, fún ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn tíṣà ní ohun tí ẹ̀ ń ṣe yìí. Mo máa padà wá ní Ọjọ́bọ̀ méjì sí i. Mo máa jókòó wo odindi iṣẹ́ kan. Bó bá dáa, mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yín, oṣù tó ń bọ̀ ẹ ti wà lọ́dọ̀ wa."

Fọlákẹ́mi kúnlẹ̀ dúpẹ́. Nígbà tó dìde, ohun kan wà nínú rẹ̀ tó fẹ́ jọ ìfẹ́ ọkàn. Ọ́fíìsì. Tábìlì, fáìlì, àwọn àgbàlagbà tó ní irùngbọ̀n. Kò ní sí rẹ́jísítà, kò ní sí ẹni kẹtàdínlógún, kò sì ní sí ọmọ ọdún mọ́kànlá kankan níbi tí ojú òun á tó. Kò fẹ́ ohunkóhun láti Ṣẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ eléyìí. Ó ka ọjọ́ rẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà.

Ọjọ́ pé. Àwọn ọmọ ti gbálẹ̀, wọ́n ti wọ́n omi sí i kí eruku má dìde. Alhájà Mùyìbátù wọlé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù nínú fáìlì, Ọ̀gbẹ́ni Ṣùkúrù tẹ̀ lé e. Fọlákẹ́mi jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Nínú gbogbo àwùjọ mẹ́fà tó wà nínú kíláàsì, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Alhájà fa àga sí, nítorí atẹ́gùn.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Oko ta ló kàn lónìí?"

Mujeebat ló ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ó dìde, ó wo ìwé tó wà lára ògiri, bẹ́ẹ̀ kò nílò láti wò ó.

"Oko Àríyọ̀ ni, ma."

"Àríyọ̀ dà?" Alhájà wo ojú wọn kiri.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣùkúrù bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀. Ó tẹ̀ sí etí Alhájà, ó sọ ọ̀rọ̀ sí i. Ọwọ́ obìnrin náà dé ẹnu rẹ̀.

"Ẹ fò ó," Fọlákẹ́mi sọ. Ohùn rẹ̀ balẹ̀. Bó ṣe ń fò ó láràárọ̀ náà ló ṣe fò ó. "Ẹ lọ sórí ẹni tó kàn."

Mujeebat kò jókòó. Ẹ̀rù ń bà á. "Ẹ jọ̀ọ́, ma. Ẹ̀yin lẹ ní wọn kì í fo oko ẹnikẹ́ni."

"Ẹni tó bá wà ni mo wí."

"Ó ti ṣiṣẹ́ tiwa, ma." Bàṣírù ló sọ ọ́. Òun náà ti dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó ń retí pàṣán. "Nígbà ìsinmi Kérésì, àwa márààrún la jọ ṣe àáró. Ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, oko ẹnì kan. Ó kó ọkà bàbà lóko wa. Ó kó o lóko bàbá Débọ́lá. Ó dé ti Mujeebat, ó dé ti Ayọ̀bámi. Tirẹ̀ ló kù. A ní a ó wá kọ ebè lẹ́yìnkùlé yín. A sì wá, ma. A gbé ọkọ́ wa wá ní Sátidé yẹn. A bá àwọn èèyàn tí wọ́n jókòó síwájú ilé, wọ́n ní ká máa lọ."

Fọlákẹ́mi mọ ọjọ́ náà. Ó wà nínú yàrá, ó gbọ́ tí àgbàlagbà kan ń lé àwọn ọmọdé. Kò mọ ohun tí wọ́n bá wá.

"Bàbá mi ní bí aláàáró bá kú, wọn kì í jẹ ẹ́ níṣẹ́," Bàṣírù tún sọ. "Wọ́n á ṣe é fún un. Mo bi wọ́n nígbà tí a fẹ́ to orúkọ, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí i. Ẹ sì fọwọ́ sí i, ma."

Fọlákẹ́mi wo fọ́ọ̀mù tó wà lórí itan Alhájà. Ó mọ̀ pé bí òun bá jágbe mọ́ ọmọ yìí, gbogbo wọn á jókòó, oko ẹlòmíì á rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ á lọ geere. Ó yanu. Kò rí ìdí tó fi yẹ kó sọ ọ́. Bó ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ yìí wá náà ló tún ṣe é, ó panu dé, àwọn ọmọ sì kà á sí àṣẹ.

Bàṣírù mú rúlà. "Ìbéèrè Àríyọ̀ nìyí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lóko bàbá Débọ́lá. Ó ní: kí ló dé tí màmá mi kì í pè mí nígbà tí mo bá nawọ́ sókè ní kíláàsì?"

Ó gbé rúlà fún Débọ́lá. Wọ́n sì ro oko náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rò pé ọmọdé á tijú níwájú ìyá olóòfò, ẹ ò mọ àáró. Lóko, iṣẹ́ niṣẹ́.

"Èmi rò pé nítorí tiwa ni," Débọ́lá ní. "Bí wọ́n bá pè é, a ó ní torí pé ọmọ wọn ni. Mo mọ̀ pé èmi á sọ ọ́."

Ayọ̀bámi gba rúlà. Ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ kéré ni. "Ṣùgbọ́n nígbà míì, òun nìkan ló máa ń nawọ́. Ma á wo gbogbo wa, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, wọ́n á wá dáhùn fúnra wọn. Ọwọ́ rẹ̀ á ṣì wà lókè. Ó máa ń fi ọwọ́ kejì gbé e ró bó bá ti rẹ̀ ẹ́."

"Màmá mi ń ta ọ̀lẹ̀lẹ̀," ni Mujeebat wí nígbà tó kàn án. Ó kọ́kọ́ kọ ti Ayọ̀bámi sílẹ̀ tán. "Bí a bá tò síwájú wọn, èmi ni wọ́n ń fún kẹ́yìn, nítorí ọmọ wọn ni mí. Bó bá tán, ó tán nìyẹn. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n ebi máa ń pa mí."

"Ṣé ó bi wọ́n nílé?" Débọ́lá béèrè láìgba rúlà. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

"Rárá," Bàṣírù ní. "Ó ní lọ́jọ́ tí a bá wá kọ ebè ni òun ó bi wọ́n. Ó ní wọ́n á se ẹ̀wà fún wa, nígbà tí gbogbo wa bá ń jẹun, inú wọn á dùn, wọn ò ní bínú."

Mujeebat kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé rúlà fún tíṣà, nítorí pé òun ló kàn ní àyíká wọn, lórí àga tó jókòó sí.

Fọlákẹ́mi di rúlà mú. "Mò ń" ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀ pé "gbọ́" kò tẹ̀ lé e. Láti orí àga yìí, ó ń wo iwájú kíláàsì, ó ń wo ibi tí òun máa ń dúró sí. Kò jìnnà. Kò sí òpó tó dí i. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ kò lè sọ pé òun kò rí ẹni tó wà níbí.

"Mo máa ń rí ọwọ́ rẹ̀," ó sọ.

Mujeebat tún mú bírò rẹ̀.

"Gbogbo ìgbà ni mò ń rí i. Òun ni mo kọ́kọ́ máa ń rí." Ó tún rúlà dì mú. "Ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo bá béèrè, ó mọ̀ ọ́n, nítorí a ti jọ kà á nílé. Mo rò pé ọjọ́ ṣì pọ̀. Mo ní bó bá dé kíláàsì kejì, tó bọ́ sọ́wọ́ tíṣà mìíràn, wọ́n á máa pè é."

Ó dùn ún. Ẹsẹ̀ tó bá kú tipiri, ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń padà sí i ló máa ń ro ẹni tó ni ín jù. Ohun tó kọ́kọ́ dun obìnrin yìí láti Ṣẹ́rẹ́ nìyí, ó sì dùn ún wọnú egungun. Ẹkún dé, kò ní ìró, ó kàn ń ṣàn lọ sẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ṣùkúrù jáde lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alhájà Mùyìbátù bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún, kò sì fi í padà sójú.

Mujeebat kọ ohun tí tíṣà sọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe bí iṣẹ́ bá parí. Wọ́n wá jókòó, wọ́n ń wò. Ẹni tó ni oko ló máa ń dúpẹ́, wọn kì í sì í túká láìjẹ́ pé ó dúpẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé Fọlákẹ́mi pé òun ni wọ́n ń dúró dè. Ó dìde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó sọ.

"Òo, ma," ni wọ́n dáhùn. Agogo ìsinmi lù, wọ́n sá jáde.

Kíláàsì ṣófo. Alhájà Mùyìbátù yọ bírò, ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà lórí tábìlì Bàṣírù. "Ìyáàfin, mi ò rí irú rẹ̀ rí láti ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Ẹ ti yege. N kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ ọ́ lónìí, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ń retí èsì. Ọ̀sẹ̀ wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

Fọlákẹ́mi lọ sí ara ògiri níbi tí wọ́n lẹ ìwé mọ́, ó sì ka ohun tó ti fọwọ́ sí lóṣù tó kọjá. Ọwọ́ Bàṣírù ni wọ́n fi kọ ọ́, ọwọ́ wúruwùru. Bàṣírù. Mujeebat. Débọ́lá. Ayọ̀bámi. Àríyọ̀. Ó rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Orúkọ kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, ti ẹni tó jókòó sí àyíká wọn tí òun náà sì gbọ́dọ̀ mú oko wá. Wọn kò kọ Ma. Wọn kò kọ Ìyáàfin Ládòkun. Ìyá Àríyọ̀ ni wọ́n kọ.

Ó fi ìka tọ́ ọ, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ má bínú sí mi, Alhájà," ó sọ. "Ẹ bá mi wá ẹlòmíì fún ọ́fíìsì yẹn. Oko mi ló kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì ní láti se ẹ̀wà fún àwọn aláàáró."